Orúkọ Lọ́tọ̀, Ìwà Lọ́tọ̀: Ìtàn Àká Àjùmọ̀lò

Ní Ọjọ́bọ̀ kan ní ọdún 2003, àwọn mẹ́ta wọlé tọ̀ mí wá ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Obìnrin kan tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni ó ṣáájú, àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì sì tẹ̀lé e. Òkè-Ògùn ni wọ́n ti wá, wọ́n sì ti kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá wọn ni ó kú. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ wa ti gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá bàbá náà nílé. Ó fi ọjọ́ méjì gbáko sọ ìtàn bí a ṣe tẹ ìlú wọn dó, ó sì ki oríkì ìdílé wọn láti òkè dé ilẹ̀. Ìsìnkú rẹ̀ ku ọ̀tunla. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju pé kí a fún wọn ní ohùn náà lọ, kí àwọn ọmọ-ọmọ tí kò mọ bàbá dáadáa lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọn yóò sin ín.

Ilé iṣẹ́ náà, tí n kò ní dárúkọ, ní olú ọ́fíìsì sí Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tí a bá gbà sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, Lọ́ńdọ̀nù ni a ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń dà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì ń tò wọ́n sínú ohun tí mo ń pè ní àká àjùmọ̀lò: ẹ̀rọ ńlá kan ṣoṣo tí fáìlì gbogbo òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀, tí àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké, ìbáà ṣe ní yàrá kejì, ìbáà ṣe ní òkè òkun, lè máa wò bí ẹni pé inú tiwọn gan-an ni fáìlì náà wà. Àwa tí a wà ní Ìbàdàn ń gba orí sátẹ́láìtì wo inú àká náà, nípasẹ̀ àwo ńlá kan tí a gbé sí orí òrùlé. Inú fódà kan ṣoṣo ni wọ́n kó gbogbo ohùn àwọn àgbà náà sí. Fáìlì inú rẹ̀ tó 1,400.

Mo fún àwọn àlejò mi ní àga, mo tẹ fódà náà. Fèrèsé kan là lójú ẹ̀rọ, ó funfun báláú, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ àfi àwòrán iná tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tí ń wá nǹkan kiri. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá. Ó di mẹ́wàá. Mo pa á dé, mo tún un ṣí. Mo mọ̀ lónìí pé ṣe ni mo dá ẹ̀rọ náà padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìrìn rẹ̀. Nígbà tí ó di ìdajì wákàtí, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí. Mo yíjú sí obìnrin náà, mo ní, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, kò sí níbẹ̀." Ó ní, "Kò burú, ọmọ mi. Ẹ ṣeun tí ẹ bá wa wá a." Wọ́n dìde, wọ́n tún dúpẹ́, wọ́n lọ wọkọ̀.

Mo jáde lọ jẹun. Nígbà tí mo padà dé, fèrèsé tí mo gbàgbé láti pa dé ti kún fọ́fọ́. Orúkọ 1,400 ni ó tò wálẹ̀ níbẹ̀, orúkọ bàbá náà sì wà láàárín wọn, fáìlì mẹ́rin.

Ẹ̀rọ náà kò purọ́ fún mi, nítorí kò tíì sọ ohunkóhun. Èmi ni mo pe ìdákẹ́ rẹ̀ ní àìsí, tí mo sì fi ẹnu ara mi sọ ọ́ fún ọmọ òkú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ìdí tí ẹ̀rọ tí ó lè ṣírò owó oṣù ẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ kí ènìyàn tó ṣẹ́jú fi lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí iṣẹ́ tí akọ̀wé kékeré lè fi ìka tọ́ka sí nínú ìwé. Ohun tí mo rí kọjá ohun tí mo rò.

Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ kí á tó máa so kọ̀ǹpútà pọ̀ rárá. Ní ọdún 1965, R. C. Daley àti P. G. Neumann gbé ìwé kan jáde níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Amẹ́ríkà, lórí ètò tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Multics, èyí tí ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT, Bell Labs àti General Electric jọ dáwọ́ lé. Nínú ìwé náà ni wọ́n ti ṣàlàyé bí a ṣe lè to fáìlì bí igi: fódà nínú fódà, ẹ̀ka lára ẹ̀ka, títí a ó fi dé ìdí gbòǹgbò kan ṣoṣo. Igi náà ni gbogbo wa ṣì ń gùn títí di òní. Nígbà tí Bell Labs yọwọ́ nínú Multics ní 1969, Ken Thompson àti Dennis Ritchie, tí wọ́n jẹ́ òṣìṣẹ́ níbẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò tiwọn, Unix, wọ́n sì ṣe ohun kan tí ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan. Wọ́n ya orúkọ fáìlì kúrò lára fáìlì fúnra rẹ̀. Nínú Unix tí ó tàn kálẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, fódà kò ju ìwé àkọsílẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ: orúkọ tí kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 14 lọ, àti nọ́ńbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibi mìíràn ni nọ́ńbà náà ń tọ́ka sí. Ibẹ̀ ni a ó ti mọ bí fáìlì ṣe tóbi tó, ẹni tí ó ni ín, àti ọjọ́ tí a fọwọ́ kàn án kẹ́yìn.

Àwọn baba wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìdàkejì rẹ̀ ni Unix ṣe: ó kọ orúkọ sílẹ̀ láìwo ilé, ó sì ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ilé máa lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò sọ èyí láti bu ẹnu àtẹ́ lu Thompson àti Ritchie. Ọgbọ́n ńlá ni. Òun ni ó jẹ́ kí fáìlì kan ṣoṣo lè ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta láìjẹ́ pé a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ kan ṣe lè ní orúkọ tí ìyá ń pè é, orúkọ tí bàbá ń pè é, àti orúkọ tí ìyá àgbà nìkan ń pè. Bí orúkọ àti ìwà bá sì wà nínú ẹ̀rọ kan náà, ìrìn láàárín wọn kò tó ohun tí ènìyàn ń kà.

Wàhálà dé nígbà tí àká àti ẹni tí ń wò ó kò gbé inú ilé kan náà mọ́. Ní 1985 ni àwọn òṣìṣẹ́ Sun Microsystems ṣàlàyé ní gbangba bí ètò wọn tí ń jẹ́ NFS ṣe ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà kan máa lo fáìlì tí ó wà nínú òmíràn. Ẹ jẹ́ kí á fi í wé ọba tí ó rán ìránṣẹ́ sí abúlé kan. Ọba ní kí ó lọ béèrè orúkọ gbogbo baálé ilé tí ó wà níbẹ̀. Ó lọ, ó bọ̀, ó ka orúkọ 50. Ọba ní ó dára, ẹni àkọ́kọ́ ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó ni? Ìránṣẹ́ tún gbéra. Ẹnì kejì ńkọ́? Ó tún gbéra. Bí abúlé náà bá wà lẹ́yìn ògiri ààfin, kò sí ẹni tí yóò fura pé ọ̀nà yìí kò dára. Bí ó bá jẹ́ ìrìn ọjọ́ mẹ́ta, ọba yóò ti wàjà kí a tó ka ọgbọ̀n baálé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni NFS ìgbà náà rí. Ìbéèrè tí ó fi ń ka fódà, orúkọ àti nọ́ńbà nìkan ni ó ń mú bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìtóbi àti ọjọ́ yóò tún rán iṣẹ́ lórí fáìlì kọ̀ọ̀kan.

Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni èyí fi wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dà kẹta NFS, tí a tẹ̀ jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1995, ni ó tó fi ìbéèrè tuntun kan kún un, tí wọ́n pè ní READDIRPLUS: kí ìránṣẹ́ mú orúkọ bọ̀ pẹ̀lú ìtóbi, ọjọ́ àti orúkọ olóhun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Síbẹ̀, ẹ̀rọ alákàá fúnra rẹ̀ ṣì ní láti máa ti ojúlé dé ojúlé kó ìdáhùn jọ kí ó tó lè dá ìránṣẹ́ padà. Ìrìn àjò òkèèrè ni wọ́n gé kúrò. Ìrìn inú abúlé ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn tí mo kà sí ọlọ́gbọ́n jù lọ nínú ìtàn yìí ni àwọn ará Carnegie Mellon ní ìlú Pittsburgh. Àwọn àti IBM jọ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 tí wọ́n sọ ní Andrew, nítorí Andrew Carnegie àti Andrew Mellon tí ilé ẹ̀kọ́ náà ń jẹ́ orúkọ wọn. Wọ́n fẹ́ kí ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà lè jọ máa lo àká kan. Nígbà tí àká àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ ń fà, wọn kò kọ́kọ́ ra ẹ̀rọ tí ó tóbi jù ú lọ, wọ́n jókòó, wọ́n ka iye ìbéèrè tí ń wọlé àti irú èyí tí ó jẹ́. Ìwé tí John Howard, Mahadev Satyanarayanan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 1988 ròyìn ohun tí wọ́n rí: ìbéèrè tí ń gba fáìlì tàbí tí ń fi fáìlì pamọ́ kò tó nǹkan rárá. Èyí tí ó pọ̀ bí eṣú ni "Ṣé ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ mi ṣì dára?" àti "Báwo ni fáìlì yẹn ṣe wà?" Wọ́n wá yí májẹ̀mú padà. Ẹ̀rọ alákàá ṣèlérí pé bí nǹkan bá yí padà, òun ni yóò ránṣẹ́. Bí kò bá ránṣẹ́, kí oníbéèrè lọ sinmi. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ní ilẹ̀ wa tí wọ́n ra ẹ̀rọ tuntun lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n ètò tí ọ́fíìsì wa ń lò kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. SMB ni, èyí tí Barry Feigenbaum ṣẹ̀dá ní IBM ní 1983, tí Microsoft sì wá sọ di ti gbogbo ayé. Wọ́n ní lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ara rẹ̀, BAF, ni ó kọ́kọ́ fi pè é. Àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tí ó wà nínú ilé kan náà, tí wáyà kúkúrú so pọ̀, ni Feigenbaum ní lọ́kàn. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n. Ẹ̀rọ lè béèrè, kí ó tún béèrè, kí ó sì tún padà wá béèrè ohun tí ó ti béèrè tẹ́lẹ̀, kò ní ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan.

Grace Hopper, obìnrin ológun ojú omi Amẹ́ríkà tí ó wà lára àwọn aṣáájú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, a máa pín wáyà fún àwọn tí ó bá wá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wáyà kọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30. Ó ní ibi tí iná mànàmáná lè rìn dé nìyẹn, bí ó ti wù kí ó yára tó, bí a bá dá ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan tí a sì mú ẹyọ kan níbẹ̀. Àwọn ọ̀gágun máa ń bi í léèrè ìdí tí iṣẹ́ fi ń pẹ́ lórí sátẹ́láìtì, a sì fi wáyà náà hàn wọ́n pé púpọ̀ irú rẹ̀ ni ó wà láàárín ilẹ̀ àti sátẹ́láìtì. Ẹ jẹ́ kí á wá ṣe ìṣirò tiwa. Sátẹ́láìtì tí ó dúró sójú kan lókè ọ̀run jìnnà sí ilẹ̀ tó 35,786 kìlómítà. Ìbéèrè gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ìdáhùn gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ti lé ní 140,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀, tí kò sí ohun tí ó yá jù ú lọ, ń rin 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ìbéèrè ẹyọ kan kò lè gba ohun tí ó dín sí nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, ìbáà jẹ́ pé owó gbogbo Nàìjíríà ni a fi ra ẹ̀rọ náà.

SMB, kí a má purọ́ mọ́ ọn, a máa kó orúkọ bọ̀ pẹ̀lú ìtóbi àti ọjọ́, ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni a sì máa kó wọn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni fèrèsé Windows XP tí ó wà lórí tábìlì mi. Fèrèsé náà rí i pé fáìlì ohùn ni ó kún inú fódà, ó sì pinnu láti ràn mí lọ́wọ́. Ó fẹ́ fi orúkọ olórin àti àkọlé orin hàn mí. Inú fáìlì kọ̀ọ̀kan ni irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà, nítorí náà ó ní láti ṣí i, kí ó kà á lẹ́ẹ̀kan, kí ó tún kà á, kí ó sì pa á dé. Bí a bá pe ìrìn àjò kọ̀ọ̀kan ní ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, mẹ́rin fún fáìlì kan, fáìlì 1,400, a ó rí 3,360 ìṣẹ́jú àáyá: ìṣẹ́jú 56. Ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìrìn kan kò ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún lọ, iṣẹ́ kan náà kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà. Èyí ni ó fà á tí ó fi jẹ́ pé, nígbàkúùgbà tí a bá kọ̀wé ẹ̀sùn, ìdáhùn wọn ni pé àwọn ti wò ó, kò sí ohun tí ó ṣe àká náà. Òtítọ́ ni wọ́n ń sọ. Àwọn olórin tí fèrèsé náà sì ń wá kiri, kò sí ọ̀kan nínú wọn. Àgbà tí ń sọ ìtàn ìlú rẹ̀ kì í ṣe olórin, kò sì sí ẹni tí ó kọ nǹkan kan sí àyè náà.

Mo fẹ́ yà díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ Samba. Ní ìparí 1991, Andrew Tridgell, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ìlú Canberra ní Ọsirélíà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò tí ẹ̀rọ Unix yóò fi lè máa bá àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké sọ èdè SMB. Nígbà tí ó nílò orúkọ, ó ní kí kọ̀ǹpútà wá ọ̀rọ̀ tí S, M àti B bá tẹ̀ léra nínú rẹ̀, ó sì mú Samba, orúkọ ijó tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíìlì ṣẹ̀dá. Samba wulẹ̀ bọ́ sáàárín àṣà méjì ni. Lójú Windows, AJAYI àti Ajayi àti ajayi, ẹnì kan náà ni wọ́n; lójú Unix, ènìyàn mẹ́ta ni. Bí oníWindows bá béèrè bóyá Ajayi wà nílé, Samba kò lè sọ pé kò sí àyàfi bí ó bá ti ka gbogbo orúkọ inú fódà láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé AJAYI wà níbì kan. Àìsí ṣòro jẹ́rìí sí ju wíwà lọ. Ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwa Yorùbá ju bí a ti rò lọ, nítorí àmì ohùn. Ẹ̀rọ kan lè kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ inú Ọ̀ṣun bí Ọ tí àmì ìsàlẹ̀ lé lórí. Àwọn ẹ̀rọ Apple láti 1998, nínú ètò ìtòfáìlì wọn tí ń jẹ́ HFS+, a máa tú u sí mẹ́ta: O, àmì abẹ́, àmì òkè. Lójú ènìyàn kò sí ìyàtọ̀. Lójú ẹ̀rọ alákàá, ìlú méjì ni. Mo ti rí ibi tí Ọ̀ṣun méjì jókòó ti ara wọn nínú fódà kan, tí akọ̀wé sì pa ọ̀kan rẹ́ nítorí ó rò pé ẹ̀dà ni.

Ìyókù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Microsoft mú SMB kejì jáde pẹ̀lú Windows Vista ní ìparí 2006; àṣẹ tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún di 19, a sì lè di ìbéèrè mélòó kan papọ̀ kí wọ́n jọ rin ìrìn kan. Ti àtijọ́ kò sì tètè kú. Ní 2016, Microsoft fúnra rẹ̀ ń bẹ àwọn ènìyàn kí wọ́n jáwọ́ nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò WannaCry gba inú rẹ̀ wọlé sí kọ̀ǹpútà ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150, àwọn ilé ìwòsàn ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì wà lára wọn. Ní ti ọ̀nà, wáyà abẹ́ òkun SAT-3 ti gúnlẹ̀ sí Èkó, ó sì ń ṣiṣẹ́ láti 2002, ṣùgbọ́n kò dé ọ́fíìsì wa. MainOne àti Glo-1 dé ní 2010, ìbéèrè kan sí Lọ́ńdọ̀nù sì wá di nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, mo tún rí fèrèsé funfun náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Fáìlì mẹ́rin tí mo ń sọ gba òru mẹ́ta kí wọ́n tó wọlé tán. Mo dà wọ́n sórí àwo CD, mo sì tún gbà wọ́n sórí kásẹ́ẹ̀tì, nítorí n kò mọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n ní nílé. Ọjọ́rú ni mo dé ìlú wọn. Ilẹ̀ ibojì bàbá náà ṣì rọ̀. Kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi sí i. Nígbà tí bàbá kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní oríkì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì kan àkọ́bí, ìyá náà dáhùn "Bàbá mi" sókè bí ẹni tí a pè láti yàrá kejì. Nígbà tí ó pẹ́, ó bi mí pé, "Lọ́jọ́ tí a wá, níbo ni ó lọ?" Mo ní ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó wò mí lójú títí, ó ní, "Bàbá tí kò kọjá Ìbàdàn rí?" Àwọn àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, n kò lè rín in.

Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e ni mo jókòó, tí mo fi bírò da gbogbo orúkọ 1,400 náà kọ sínú ìwé ńlá aláwọ̀ búlúù kan, orúkọ, ìlú, ọjọ́ tí a gbà á sílẹ̀, àti iye kásẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ 11 ni ó gbà mí. Mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì pẹ̀lú okùn kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ. Nígbà tí mo fi ibi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n ní kí n máa mú un lọ, nítorí kò sí ẹni tí ń lo ìwé mọ́. Ó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Nọ́ńbà 1,127 sí 1,130 ni bàbá náà.